Bẹ́ ẹ ṣe lè wá ìtàn mọ́ṣáláṣí àtijọ́, àti bó ṣe kópa nínú ìjà pẹ̀lú ìjọba òyìnbó

Ọ̀pọ̀ wa la ní mọ́ṣáláṣí kan ládùúgbò tí gbogbo èèyàn gbà pé ó ti pẹ́ gan-an, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní ọdún wo ni wọ́n kọ́ ọ, ta ló fowó sílẹ̀, kí làwọn tó ń kírun níbẹ̀ ṣe nígbà tí gómìnà òyìnbó ń pàṣẹ, wọ́n á ní "ayé àwọn bàbá wa ni", ó tán. Ìtàn yẹn ṣe é wá o. Kò gba kéèyàn jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, sùúrù ló gbà, àti kẹ́ ẹ mọ ibi tẹ́ ẹ máa wò àti ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi èèyàn. Èkó ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ, torí pé ìwé tó wà lórí ọ̀rọ̀ Èkó pọ̀: Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tó wà ní Martins Street, àti Central Mosque tó wà ní Nnamdi Azikiwe Street, méjèèjì ní Lagos Island.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ̀kan kó tó di pé a bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé akọni nìkan lẹ̀ ń wá, ẹ máa rí i, àmọ́ ìdajì ìtàn máa bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Lójú tèmi, ibi tí ìtàn mọ́ṣáláṣí ti dùn jù ni ibi táwọn tó jọ ń kírun ti pín sí méjì, apá kan ní àwọn ò ní gbọ́ ti gómìnà, apá kejì ní ẹ jẹ́ ká gbọ́. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fojú sí látìbẹ̀rẹ̀.

Ara ilé náà lẹ máa kọ́kọ́ wò

Ẹ lọ síbẹ̀ láàárín Àílà sí Àlàásàrì nígbà tí èrò ò pọ̀, ẹ má lọ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, kò sẹ́ni tó máa ráyè tiyín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ kí ẹni tó ń tọ́jú mọ́ṣáláṣí, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ wá ṣe, ẹ gbàyè kẹ́ ẹ tó ya fótò. Shitta-Bey, láti 2013 ló ti wà lára àwọn ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń dáàbò bò gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, nítorí náà ẹ má lọ máa fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ara ògiri pé ẹ fẹ́ rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa wá ni òkúta tàbí pákó tí wọ́n kọ nǹkan sí, lókè ilẹ̀kùn, lára mínbárì (ibi tí Lèmọ́mù máa ń dúró wàásù), lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, àti lórí sàréè tó bá wà nínú ọgbà. Ọ̀pọ̀ ìgbà Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́, ọdún ibẹ̀ á sì jẹ́ ọdún Híjírà, ìyẹn kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí. Ẹ má fi ọgbọ́n orí yọ ọ́, ẹ gbé ọdún Híjírà náà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.97, kẹ́ ẹ wá fi 622 kún un, ẹ máa súnmọ́ ọ dáadáa. Bí àpẹẹrẹ 1311 á fún yín ní 1893 àti díẹ̀, òótọ́ sì ni, torí ọdún 1311 bẹ̀rẹ̀ ní July 1893 ó sì parí ní ìbẹ̀rẹ̀ July 1894. Ìyẹn bá Shitta-Bey mu, torí 4 July 1894 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí ọdún yẹn ku wóńwó kó pé.

Ẹ tún bèèrè bóyá ilé tẹ́ ẹ ń wò yẹn ni ilé àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣìnà níbí. Central Mosque táwọn èèyàn ń rí lónìí pẹ̀lú àwọn ilé gogoro rẹ̀, 1988 ni wọ́n ṣí i. Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 1913 ni wọ́n ṣí òun. Gbogbo gbọ́nmi-si-omi-ò-to tí mo máa sọ nísàlẹ̀, ayé ilé 1913 yẹn ló ṣẹlẹ̀, wọ́n ti wó o, nítorí náà tẹ́nì kan bá na ọwọ́ sí ilé tó wà níbẹ̀ báyìí pé ibí ni wọ́n ti bá òyìnbó jà, ẹ rọra kọ ọ́ pé ilẹ̀ ọ̀hún ni, ilé ọ̀hún kọ́. Fótò àtijọ́ ló máa ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀ jù, àwọn ìdílé àtijọ́ sì máa ń ní in nínú àpótí.

Ẹ wo àwọn tó wá síbi ìṣíde

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí, ẹ wá orúkọ àwọn tó jókòó lọ́jọ́ náà. Ó máa ń sọ púpọ̀. Mohammed Shitta ló fowó ara rẹ̀ kọ́ Shitta-Bey, oníṣòwò ni, Sàró (Sierra Leone) ni wọ́n ti bí i, àwọn òbí rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà (àwọn tó padà wálé láti Bùràsíìlì), ló kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí iwájú ilé náà fi jọ tàwọn ilé Bùràsíìlì. Súlútáánì Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì rán aṣojú wá, Abdullah Quilliam, òyìnbó tó gba Ìsìláàmù ní Liverpool, òun ló mú oyè "Bey" wá fún Shitta. Àmọ́ ta ló ṣe alága? Gómìnà Gilbert Carter. Carter kan náà tó rán sójà lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní May 1892, ọdún méjì péré ṣáájú.

Àwọn kan á fẹ́ yọ Carter kúrò nínú ìtàn yẹn torí kò bá "ìjà òmìnira" mu. Ẹ má yọ ọ́. Ẹ fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì ronú sí i. Nígbà yẹn ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé Èkó wà, àwọn Mùsùlùmí sì ń bẹ̀rù pé tọ́mọ bá lọ síbẹ̀ á padà wálé ní Kìrìsìtẹ́nì. Lẹ́tà tí Súlútáánì fi ránṣẹ́ rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàwé, ní 1896 ìjọba sì dá ilé ìwé Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó. Nítorí náà ẹ wò ó, àwọn èèyàn yìí ò gbé ìbọn, wọ́n pe gómìnà wá jókòó, síbẹ̀ lójú gómìnà náà ni wọ́n ti fi hàn pé àwọn lówó láti kọ́lé fúnra àwọn, àwọn sì mọ èèyàn pàtàkì míì láyé yìí yàtọ̀ sí Ọbabìnrin tó wà ní London. Èmi ò ní pe ìyẹn ní ìjà, ṣùgbọ́n mi ò ní pè é ní ìtẹríba náà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀

Ẹ má lọ lásán, ẹ wá ẹni tó máa mú yín lọ, ọmọ ilé tàbí ọ̀kan nínú àwọn ààfáà tí wọ́n mọ̀. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ kí wọn pẹ̀lú sàlámà, ẹ jẹ́ kí bàbá tàbí ìyá béèrè ọmọ ta ni yín kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹ má gbé fóònù síwájú wọn kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn wọn sílẹ̀ láìsọ, ìwà yẹn ò dáa.

Ìbéèrè "ọdún wo ni?" kì í so èso rere. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi béèrè. Ní Èkó ẹ lè ní, bàbá, ṣé kí wọ́n tó ṣe afárá Carter ni àbí lẹ́yìn ẹ̀? (1901 ni wọ́n ṣí i.) Ṣé omi ẹ̀rọ ti wọ̀lú? (1915 nìyẹn.) Ṣé ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn tó pa èèyàn lẹ́yìn ogun Jámánì ni? (1918.) Ṣé wọ́n ti lé Ọba lọ sí Ọ̀yọ́ nígbà yẹn? (1925.) Báyìí lẹ máa fi há ọdún mọ́ láàárín méjì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bèèrè ìjà. Ẹ fọgbọ́n bèèrè o. Ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ló máa ń wà ní sáàfù àkọ́kọ́? Ṣé ìgbà kan wà tí ilé kan ò kírun lẹ́yìn Lèmọ́mù mọ́? Ṣé ìdílé kan wà tẹ́ ẹ kì í lọ síbi ìsìnkú wọn? Tójú àgbàlagbà bá yí padà tó bá rẹ́rìn-ín tó ní "háà, ìyẹn ti pẹ́", ẹ ti dé ibẹ̀ nìyẹn, ẹ jókòó dáadáa.

Kẹ́ ẹ sì rántí pé kò sẹ́ni tó wà láyé báyìí tójú ẹ̀ ká ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1915, ẹnu bàbá wọn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́nu ta ni wọ́n ti gbọ́, àti ilé wo ni wọ́n ti wá. Ọmọ ilé Lèmọ́mù àtọmọ ilé Jàmáà (apá méjì tí ọ̀rọ̀ owó omi pín sí, mo máa sọ ọ́ báyìí) ò lè sọ ọ́ bákan náà láéláé, kò sì túmọ̀ sí pé ọ̀kan ń purọ́.

Ọ̀rọ̀ owó omi, kẹ́ ẹ lè rí bó ṣe ń rí

Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ní 1908 nígbà ayé Gómìnà Egerton ni ìjọba sọ pé àwọn máa fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, aráàlú ló sì máa sanwó ẹ̀. Àwọn èèyàn ní kí ló dé, kànga wà, omi òjò wà, àwọn òyìnbó tó nílò omi ẹ̀rọ ni kó lọ sanwó ẹ̀ jàre. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n tú síta lọ́dún yẹn náà. Ìjọba ò yí ohùn padà, wọ́n kọ́ ibi omi ní Ìjù, ó parí ní 1915, ìgbà tí Lugard jẹ́ gómìnà àgbà, wọ́n wá ní kí Ọba Èṣùgbàyí Elékòó (Elékòó ni wọ́n ń pe Ọba Èkó nígbà yẹn) àtàwọn olóyè onífìlà funfun sọ fún aráàlú pé kí wọ́n sanwó.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti wọ mọ́ṣáláṣí. Lèmọ́mù Àgbà ìgbà náà, Ibrahim, àtàwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ gbà pé ká ṣe ti ìjọba. Ọ̀pọ̀ jàmáà kọ̀ jálẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe di apá méjì, àwọn ti Lèmọ́mù àtàwọn ti Jàmáà, wọ́n ń fa mọ́ṣáláṣí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ sì dé kọ́ọ̀tù. Ẹ wò ó dáadáa: owó omi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ta ló máa ṣáájú ìrun ló gbẹ̀yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ka ìwé ìgbà náà tẹ́ ẹ rí i pé wọ́n ń jà sí oyè àti Lèmọ́mù, ẹ má rò pé ìjà àwọn ààfáà lásán ni, ẹ padà sẹ́yìn kẹ́ ẹ wo owó tó wà nídìí ẹ̀.

Ní 1919 Èṣùgbàyí fún àwọn olórí Mùsùlùmí kan lóyè, apá Jàmáà ni wọ́n wà, kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ìjọba ní kó kúrò nípò ná, wọ́n dá a dúró. Ronú ẹ̀ wò, Ọba Èkó, nínú Èkó, ń fún ọmọ Èkó lóyè, ẹ ní ó gbọ́dọ̀ wá béèrè!

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1920, Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa, ìdẹ́jọ (olóyè tó ni ilẹ̀ l'Ékòó) tó tún jẹ́ Mùsùlùmí, lọ sí London torí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà, Herbert Macaulay bá a lọ, ọ̀pá Elékòó sì wà lọ́wọ́ Macaulay. Ohun tí Macaulay sọ nípa Elékòó lọ́hùn-ún bí ìjọba nínú, wọ́n ní kí Èṣùgbàyí rán akéde pẹ̀lú agogo yí ìlú ká láti sọ pé òun ò mọ̀ sí i. Ó kọ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n lọ́ba mọ́. Ní 1921 Privy Council, kọ́ọ̀tù ìkẹyìn tó wà ní London, dá ẹjọ́ Olóyè Olúwa láre, wọ́n ní ilẹ̀ náà jẹ́ ti àwọn èèyàn rẹ̀, owó tí ìjọba máa san gbọ́dọ̀ jẹ́ owó onílẹ̀. Ní 1923 Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP (Nigerian National Democratic Party) sílẹ̀, àwọn Jàmáà wà lára àwọn tó dúró tì í gbágbáágbá. Kìrìsìtẹ́nì ni Macaulay o, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni, ìyẹn ò sì dí wọn lọ́wọ́. Ní 1925 ìjọba kó Èṣùgbàyí lọ sí Ọ̀yọ́, ẹjọ́ tún dé Privy Council, ní 1931 wọ́n sọ pé aláṣẹ ìjọba ò lè fọwọ́ kan òmìnira ẹnikẹ́ni àfi tí òfin bá fún un lágbára bẹ́ẹ̀, àti pé kọ́ọ̀tù lẹ́tọ̀ọ́ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún yẹn náà, nígbà tí Donald Cameron ti di gómìnà, Èṣùgbàyí padà wọ Èkó. Ó kú ní 1932.

Ibi tí ìwé wà

Ìdájọ́ méjèèjì yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá orúkọ Amodu Tijani ti 1921 àti Eshugbayi Eleko ti 1931. Ẹ ka ìdájọ́ fúnra yín, ẹ má gbára lé ohun tẹ́nì kan ní ó wà níbẹ̀. Kò le tó bẹ́ ẹ ṣe rò, ó tiẹ̀ kúrú.

Fáìlì ìjọba wà ní National Archives ní Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì. Tó bá jẹ́ Èkó lẹ̀ ń wá, fáìlì tí wọ́n kọ COMCOL (Commissioner of the Colony) sí lára ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà èyí tí wọ́n kọ CSO (Chief Secretary's Office) sí. Ẹ béèrè bẹ́ ẹ ṣe máa gbàyè kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ àti pẹ́ńsùlù dání. Ẹ má wá "mosque" nìkan nínú ìwé atọ́nà wọn, ẹ wá "Mohammedan" torí bí wọ́n ṣe ń pe Mùsùlùmí nìyẹn, ẹ wá orúkọ Lèmọ́mù, orúkọ àdúgbò, "water rate", "Eleko", "headmen". Fáìlì tó dáa jù máa ń fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ tí kò jọ ọ́. Ìwé Herbert Macaulay fúnra ẹ̀ náà wà ní Ìbàdàn, ní Kenneth Dike Library, lẹ́tà àti ìwé ẹ̀sùn pọ̀ níbẹ̀ jáǹtìrẹrẹ.

Ìwé ìròyìn ńkọ́? Lagos Weekly Record ti ìdílé Jackson máa ń bú ìjọba, Nigerian Pioneer ti Kitoyi Ajasa sì máa ń gbè sẹ́yìn ìjọba, nítorí náà tẹ́ ẹ bá rí ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ẹ kà á nínú méjèèjì. Ìwé ìròyìn Yorùbá tún dùn ju bẹ́ẹ̀ lọ láti 1922 síwájú: Èkó Àkéte, Elétí Ọfẹ, àti Akéde Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1928, torí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nígboro ni wọ́n ṣe kọ ọ́, òwe àti èébú wà níbẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé ìwé tó wà nínú ilé. Àwọn ìdílé Lèmọ́mù máa ń ní ìwé Lárúbáwá, nígbà míì Yorùbá tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Tẹ́ ẹ ò bá lè kà á, ẹ ya fótò rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún ààfáà tó mọ̀ ọ́n kà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ka Kùránì ló lè ka ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ka fáìlì òyìnbó

Ẹni tó kọ fáìlì, ojú ìjọba ló fi wò ó. Ẹni tí wọ́n bá ní ó "ń da ìlú rú", ẹ ṣíwọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ wo ohun tó béèrè gan-an. Ẹni tí wọ́n bá ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tó "mọ nǹkan", ẹ wò ó bóyá ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ó tún máa ń jẹ́ pé lẹ́tà ẹ̀sùn táwọn aráàlú fọwọ́ sí wà lẹ́yìn fáìlì náà, ìyẹn ni góòlù, torí orúkọ wà níbẹ̀, àti àtàǹpàkò. Ẹ da àwọn orúkọ yẹn kọ, ẹ mú un padà lọ bá àwọn àgbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí. Ẹ máa rí i bí wọ́n ṣe máa ní "háà, bàbá bàbá mi nìyẹn", ìtàn tí wọn ò sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ síta

Ohun tí ìwé méjì tàbí ẹnu ilé méjì tó ń bá ara wọn jà jọ sọ, ẹ kọ ọ́ bí òótọ́. Ohun tí apá kan ṣoṣo sọ, ẹ kọ ọ́ pé àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má pe àwọn ti Lèmọ́mù ní ọ̀dàlẹ̀, ọmọ ọmọ wọn ṣì ń kírun níbẹ̀, wọ́n sì nídìí tiwọn, bóyá ẹ̀rù ni, bóyá wọ́n rò pé omi tó mọ́ dáa fún ìlú, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó ń kà á fúnra ẹ̀ rò ó. Ibi tí kò bá sí ẹ̀rí pé mọ́ṣáláṣí yín bá òyìnbó fà á, ẹ má wá ọ̀kan fún un, ti Èkó yìí kì í ṣe ti gbogbo ìlú.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwèé ní lẹ́tà ńlá kẹ́ ẹ gbé e lọ fún Lèmọ́mù àti ẹni tó dàgbà jù nínú ilé kejì, kí wọ́n gbọ́ ọ tàbí kí wọ́n kà á fún wọn. Àtúnṣe tí wọ́n bá mú wá, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ìwé àtijọ́ táwọn ìdílé bá yá yín, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá yà á tán ni kẹ́ ẹ dá a padà, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní fótò rẹ̀ sínú fóònù wọn, torí ìwé tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, òjò kan ṣoṣo ló kù fún un.